Ẹja Tí Kò Rí Iná: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹja Àìsè Gbàlejò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbàlejò nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ìpanu ẹja tí a kì í sè, àwọn abọ́ kékeré tí a ń gbé síwájú àlejò kí oúnjẹ gan-an tó dé. Àwọn ará Jàpáànù ń gé tiwọn pẹlẹbẹ, wọ́n ń pè é ní sashimi. Àwọn ará Perú ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà pò ó, ceviche ni wọ́n ń pè é. Ní Hawaii, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé túnà sí, orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni poke. Àwọn ará Ítálì ń ta òróró ólífì àti iyọ̀ sórí tiwọn. Ọ̀nà pọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ti pàdé: kò sí èyí tó rí iná nínú wọn.

Ẹni tó bá ń dáná mọ̀ pé iná ń gba alásè sílẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni tó gé ẹran kò bá mọ́ tó, bí ẹran náà bá ti jókòó díẹ̀ kó tó wọ ìkòkò, ìgbà tí ọbẹ̀ bá hó dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tó ti bà lé e ni yóò kú. Ẹja àìsè kò ní ibi ìsádi bẹ́ẹ̀. Bó ṣe kúrò lórí pátákó ìgẹ́ja ni yóò ṣe dé ẹnu àlejò. Nítorí náà, iṣẹ́ tí iná ìbá ṣe, òtútù ni yóò ṣe é, òtútù ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹja ti jáde lómi, kó má sì já títí àlejò yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Àlàyé rẹ̀ ni ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí aràn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Aràn kan wà nínú òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anisakis. Inú àbùùbùtán àti dọ́fínì ni èyí tó ti dàgbà nínú wọn ń gbé. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ wọn jáde sómi, ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín tó jọ edé á gbé ọmọ aràn náà mì, ẹja á jẹ edé yẹn, aràn á sì ká jọ sínú ìfun ẹja. Ó funfun, ó tín-ín-rín, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kò sì ju ohun tí ojú lè rí lọ bí a bá tan iná sábẹ́ ẹran ẹja náà tí a sì fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí ẹja bá ti kú, àwọn kan nínú aràn yìí á fi ìfun sílẹ̀, wọ́n á wọnú ẹran ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apẹja tó mọṣẹ́ kì í fi í jẹ́ kí ìfun pẹ́ nínú ẹja. Bí ènìyàn bá gbé e mì láàyè, kò lè dàgbà nínú wa, ṣùgbọ́n ó lè fẹnu gún ara àpòlúkù, inú rírun rẹ̀ sì máa ń le gan-an láàárín wákàtí mélòó kan. Ti àwọn mìíràn á tún yàtọ̀: ara wọn á kọ̀ ọ́, á máa yún wọn, á wú.

Orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí yanjú, ní ọdún 1960, lára àwọn tó jẹ ṣawá tí wọ́n kàn fi iyọ̀ díẹ̀ pa. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ṣawá yìí dọ́ba, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dá a dúró. Ohun tí ìjọba wọn ṣe ní 1968 ni pé wọ́n ṣòfin pé kí ẹja náà kọ́kọ́ dì nínú fírísà kó tó dọ́wọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Àìsàn náà lọ sílẹ̀ kíákíá, ṣawá sì wà lórí tábìlì wọn títí di òní. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Òtútù ni wọ́n fi kún un.

Ìlànà tó wà ní Amẹ́ríkà báyìí ni pé kí ẹja tí a óò jẹ láìsè wà ní –20°C fún ọjọ́ 7, tàbí kó dì gbagidi ní –35°C, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wákàtí 24 ni wọ́n béèrè ní –20°C, ṣùgbọ́n wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé òtútù náà gbọ́dọ̀ dé gbogbo ara ẹja, títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹ fiyè sí nọ́ńbà yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ fírísà ilé ló jẹ́ pé –18°C ni wọ́n ṣe é fún, a sì tún ń ṣí i, a ń pa á látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní tẹmọ́mítà tó fi yé yín pé tiyín dé –20°C, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ ẹni tó ní fírísà ńlá tó lágbára ni kí ẹ ti ra ẹja tó ti dì tẹ́lẹ̀.

Ẹ ó máa rí ẹja tí wọ́n lẹ àkọlé mọ́ pé ó yẹ fún sushi, ìrẹsì tí àwọn ará Jàpáànù máa ń gbé ẹja àìsè lé lórí. Kò sí òfin kankan ní Amẹ́ríkà tó sọ ohun tí àkọlé yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń tà á ló fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ bi í léèrè: ìgbà wo ló jáde lómi? Ṣé ó ti dì rí? Ìwọ̀n òtútù wo ni, ọjọ́ mélòó sì ni? Ẹni tó ń ta ẹja fún irú iṣẹ́ yìí yóò dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Bí ó bá ń ta kókó ọ̀rọ̀, ẹ ra ẹja rẹ̀ kí ẹ lọ dín in, yóò dùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ẹja tó ti dì rí kì í ṣe ẹja mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ nínú èrò yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú túnà tí àwọn ará Jàpáànù ń jẹ ní sashimi ló jẹ́ pé orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti mú un dì, ní nǹkan bí –60°C. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ mọ adùn ẹja ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Òtútù tó yá kánkán tó sì le kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ẹran ẹja jẹ́. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni dídì tó falẹ̀, tí omi inú ẹja á fi di yìnyín ńláńlá tó ń fa ẹran ya, tí ẹja náà á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tó bá yọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sámọ́nì díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀. Ẹ lè rò pé láti ayébáyé ni àwọn ará Jàpáànù ti ń jẹ ẹ́ láìsè. Rárá o. Wọ́n ń yan án, wọ́n ń fi iyọ̀ pa á, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ láìsè, nítorí wọ́n mọ̀ pé sámọ́nì inú òkun tiwọn máa ń ní aràn. Láàárín 1980 sí 1990 ni àwọn ará Nọ́wè, tí sámọ́nì tí wọ́n ń sìn ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè tà lọ, kó ara wọn lọ sí Jàpáànù láti lọ polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹja tí a lè jẹ láìsè. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe ẹja kéékèèké inú òkun, nítorí náà ọ̀nà tí aràn ń gbà wọ inú ẹja ti dí. Ó gba àwọn ará Nọ́wè lọ́pọ̀ ọdún kí àwọn ará Jàpáànù tó gbà wọ́n gbọ́. Òfin Amẹ́ríkà náà gbà pé ẹja òkun tí wọ́n ń fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sìn kò di dandan kó dì, òun àti àwọn oríṣi túnà ńláńlá. Sámọ́nì tí apẹja kàn mú nínú omi, tí kò sí ẹni tó sìn ín, kò sí nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ yẹn.

Ẹja odò ńkọ́, èyí tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀? Ẹ má gbé e kalẹ̀ láìsè fún àlejò, ó parí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn àríwá Tháílándì, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń fi ẹja odò kéékèèké tí a kò sè ṣe, tí wọ́n ń pè ní koi pla. Aràn kékeré kan wà nínú ẹja yẹn tó ń lọ sínú ẹ̀dọ̀, tó ń jókòó sójú ọ̀nà tí òróòro ń gbà kọjá, tó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka aràn yìí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹni tí Anisakis bá dà láàmú sábà máa ń tètè mọ̀. Èyí kì í sọ nǹkan kan fún ẹni.

Ní báyìí, ẹ má jẹ́ kí fírísà mú ọkàn yín balẹ̀ jù. Aràn ló ń pa. Bakitéríà kì í kú sínú rẹ̀ lọ títí, sísùn ni ó sùn, tí ara ẹja bá sì ti yọ́, ó jí. Ibi tí ẹ bá ti ń yọ́ ẹja ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù. Inú fíríìjì ni kó ti yọ́, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe lórí tábìlì ìdáná, kì í sì í ṣe nínú omi gbígbóná. Bí ó bá wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tàbí kí ẹ dá ihò sí i. Kòkòrò kan wà tó ń ṣe májèlé búburú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí ló ti ń ráyè, oríṣi rẹ̀ tó máa ń wà lára ẹja sì lè dàgbà nínú òtútù fíríìjì gan-an. Ọ̀rá tí kò ní afẹ́fẹ́ dára fún fírísà. Kò dára fún ìyọ́.

Túnà, mákẹ́rẹ́lì àti àwọn ìbátan wọn tún ní ọ̀ràn tiwọn. Bí wọ́n bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kú, bakitéríà á sọ ohun kan tó wà nínú ẹran wọn di hísítámììnì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ, àyà á máa lù kìkì. Bí hísítámììnì bá ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń yọ ọ́ kúrò: yìnyín kò yọ ọ́, ọsàn kò yọ ọ́, iná pàápàá kò yọ ọ́. Ẹja náà lè má rùn rárá. Bó bá ń ta ẹnu yín bí ata nígbà tí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ tu ú dànù, kí ẹ sì da gbogbo abọ́ náà nù.

Ọ̀rọ̀ ọsàn tún rèé. Ẹ gé ẹja òkun funfun sí ìgúnmẹ́rin kéékèèké, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, kí ẹ dúró tì í. Ẹja tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti etí, fífunfun náà á máa rìn lọ sí àárín, ẹran á sì máa le. Ojú á sọ pé ó ti ń jinná. Kò jinná o. Kíkan ọsàn yí ẹran padà gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń yí i padà, ṣùgbọ́n aràn inú rẹ̀ lè wà láàyè síbẹ̀, bakitéríà kò sì tíì lọ tán. Ata kò pa á, wasabi tó ń ta lẹ́nu, tí àwọn ará Jàpáànù ń fi jẹ sashimi, kò pa á, ọtí tí àlejò bá fi sìn ín kò pa á. Nítorí náà, ẹja tí a óò fi ṣe ceviche gbọ́dọ̀ la òtútù kan náà kọjá bíi ti sashimi. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Perú ní 1991, àwọn elétò ìlera kìlọ̀ fún aráàlú nípa ẹja àìsè. Àwọn ará Perú kò torí ẹ̀ jáwọ́ nínú ceviche, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2023. Lónìí, ọ̀pọ̀ alásè wọn kì í jẹ́ kí ẹja pẹ́ nínú ọsàn: ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú kó tó dé iwájú oníbàárà, ó parí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, á gbẹ, á sì máa ṣe bí ọ̀rá lẹ́nu.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun rárá, ẹ bi àwọn àlejò yín. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti bi ènìyàn bóyá ó lóyún tàbí bóyá ara rẹ̀ kò le. Ẹ kò ní láti bi í bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n, ẹ kàn sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé: "Ẹja àìsè máa wà nínú ìpanu, oúnjẹ jíjinná náà máa wà, ẹ sọ èyí tí ẹ ń fẹ́." Oníkálukú á dáhùn láìṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó yẹra fún un ni aboyún, ọmọdé, àgbàlagbà tó ti dàgbà gan-an, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti mú agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ti aboyún jẹ mí lógún jù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Listeria tó lè máa dàgbà nínú fíríìjì, ara ìyá lè má mọ̀ ju ibà díẹ̀ lọ, kó sì gba ọmọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ sì rántí pé sámọ́nì tí wọ́n fi èéfín tútù yan, tàbí èyí tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà pa, ẹja àìsè náà ni. Mo ti gbọ́ tí onílé ń fi tọkàntọkàn sọ fún aboyún pé, "Ẹ jẹ ti eléèéfín yìí, ẹ̀gbọ́n, òun kò ní wàhálà." Inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí ọ̀bẹ, ibi tí inú mi ti máa ń dùn jù. Ẹja gbọ́dọ̀ tutù dáadáa nígbà tí ẹ bá fẹ́ gé e, kí ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ tẹ omi ara rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ìka wá àwọn egungun kéékèèké tó fara pamọ́ sáàárín ẹran, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà wọ́n síhà orí, síbi tí wọ́n dojú kọ, kí ẹran má ya. Ẹ wo túnà kan: ẹ ó rí àwọn ìlà funfun tó gba ara rẹ̀ kọjá. Ìdábùú ìlà yẹn ni kí ọ̀bẹ gbà. Bí ẹ bá gé e bá ìlà lọ, okùn gígùn á wà lẹ́nu àlejò, á sì máa jẹ ẹ́ lọ láìtán. Ọ̀bẹ tí àwọn ará Jàpáànù ń lò gùn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọ́n, wọ́n á gbé ìdí rẹ̀ lé ẹja, wọ́n á fà á sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ṣóńṣó rẹ̀ á fi kan pátákó. Wọn kì í rẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn, nítorí rírẹ́ ń fa ẹran ya, ojú ibi tí a gé á sì di rúdurùdu. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ọ̀bẹ tó gùn jù tó sì mú jù nílé á ṣe é. Túnà tó rọ̀ lè nípọn díẹ̀, bíi mìlímítà 6 sí 8. Ẹja funfun tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ dá ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ fún, kí ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ẹ ó fi máa rí àwọ̀ abọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Iye tí yóò tó: bí oúnjẹ mìíràn bá ń bọ̀ lẹ́yìn, gíráàmù 60 sí 80 ẹran ẹja tó fún ẹnì kan. Àlejò 12 á gba nǹkan bíi gíráàmù 720 sí 960. Bí odidi ẹja lẹ ń rà, orí, egungun, awọ àti ìfun á kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra kílò 2 sókè.

Ní ti gbígbé e kalẹ̀, àwo ńlá kan tó rẹwà láàárín tábìlì ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti yà ní fọ́tò. Mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n àwo ńlá yẹn á gbóná kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Ohun tí mo rí pé ó dára ni àwo kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí gbogbo wọn ti wà nínú fíríìjì, tí ẹ ń gbé jáde níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá tán, òmíràn á jáde. Ẹ má kó ẹja tuntun lé orí èyí tó ṣẹ́ kù. Àwọn elétò ìlera sọ pé oúnjẹ tútù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, wákàtí 1 péré bí ibẹ̀ bá gbóná ju 32°C lọ. Ti ẹja àìsè, èmi kì í jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 30 lọ, nítorí adùn rẹ̀ náà ti ń lọ. Bí ẹ bá lo yìnyín, ẹ rún un wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ewé tàbí àwo pẹrẹsẹ sórí rẹ̀ kí ẹja tó gùn ún, nítorí omi yìnyín tó bá wọ inú ẹja ló ń fọ adùn rẹ̀ dànù. Ẹ to ẹja funfun ṣáájú, kí èyí tó lọ́ràá máa bọ̀ lẹ́yìn, kí ọ̀rá rẹ̀ má bàa bo adùn èyí tó fúyẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pá ìjẹun fún ẹja, ọ̀tọ̀. Pátákó ìgẹ́ja àìsè, ọ̀tọ̀ sí ti adìẹ àti ẹran.

Ẹnì kan ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí n tó jókòó: bí ìpanu bá ṣẹ́ kù ńkọ́? Èyí tó ti dé orí tábìlì, tí ọwọ́ àlejò ti kàn, dídà ni. Èyí tí kò tíì kúrò nínú fíríìjì, ẹ sè é lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ má tún gbé e kalẹ̀ láìsè lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè kejì ni pé, bí àlejò bá kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí ni kí onílé ṣe? Kó gbé àwo oúnjẹ jíjinná tó ti ṣètò sílẹ̀ dé iwájú rẹ̀, kó sì máa bá ìtàn tí wọ́n ń sọ lọ.